Quarter Horse: kí ló ń mú un sáré bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wo ló wà fún, kí ló sì yẹ kéèyàn yẹ̀ wò kó tó sanwó?

Ọmọ_Ìsẹ́yìn
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá ẹlẹ́ṣin. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Gbogbo ibi tí mo ti kà nípa Quarter Horse, ẹṣin Amẹ́ríkà yẹn, wọ́n ní kò sí ẹṣin tó lè bá a sáré fún ìdámẹ́rin máìlì, àti pé kìlómítà 88 ló ń sá ní wákàtí kan. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, Thoroughbred, ẹṣin eré tí ìran rẹ̀ ti Ìlú Ọba wá, ló yára jù. Mo tún rí i pé ẹṣin yìí kan náà ni wọ́n fi ń da màlúù, òun ni wọ́n fi ń sáré yí dúrọ́ọ̀mù ká, òun náà ni wọ́n ń gbé ọmọdé gùn. Báwo ni ẹṣin kan ṣe ń ṣe gbogbo èyí? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Texas ló fẹ́ ra ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 14, tó fẹ́ máa sá eré dúrọ́ọ̀mù. Kí ni kí wọ́n wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u palẹ̀ fún wa.

Agẹṣin_Amarillo
Àbúrò, orúkọ rẹ̀ ti sọ ìdí rẹ̀. "Quarter" yẹn ni ìdámẹ́rin máìlì, 440 yáàdì, bíi mítà 402. Ní Virginia, ní ọ̀rúndún 17, igbó ló yí àwọn olóko ká. Kò sí pápá gbọọrọ tí ẹṣin á ti sá máìlì 3 tàbí 4 bíi ti Ìlú Ọba. Ojú ọ̀nà àárín abúlé ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n la ọ̀nà tóóró sínú igbó. Ẹṣin 2 á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á tú wọn sílẹ̀, kí o tó ṣẹ́jú ó ti parí. Ẹṣin tó lè sáré pẹ́ kọ́ ló ń borí níbẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bẹ́ jáde ni. Irú èyí ni wọ́n sì ń mú bímọ. Wọ́n fi ẹṣin tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ àwọn Chickasaw, ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, tí baba ńlá wọn ti Sípéènì wá, gun àwọn tí wọ́n kó wá láti Ìlú Ọba. Akọ kan tó ń jẹ́ Janus, tó dé Virginia ní àwọn ọdún 1750, fi ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ nínú wọn.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹṣin yìí bá wọn dé Texas, ibẹ̀ ló ti bá màlúù pàdé. Màlúù tó bá yà kúrò nínú agbo kì í sábà sá jìnnà kó tó yí padà. Ẹ rí i pé eré tí wọ́n ti bí ẹṣin yìí fún látilẹ̀ gan-an nìyẹn. Steel Dust àti Peter McCue wà lára àwọn akọ tí àwọn ará Texas kì í gbàgbé. Ọdún 1940 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ AQHA, ìyẹn ẹgbẹ́ Quarter Horse ti Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní Fort Worth, Amarillo ni wọ́n gbé ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní akọ tó bá gba ipò kìíní níbi ìfihàn Fort Worth ti ọdún 1941 ni wọ́n á fún ní nọ́ńbà 1 nínú ìwé. Wimpy, láti King Ranch, oko ẹran ńlá kan ní Texas, ló gbà á. Lónìí kò sí ìwé ìràn ẹṣin tó tóbi tó tiwọn láyé.

Ní ti ìrísí, ẹ má kọ́kọ́ wo orí. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ jìnnà tó bíi ìṣísẹ̀ 10 kó má baà ta yín nípàá, kí ẹ wò ó. Ìdí rẹ̀ yóò fẹ̀ ju èjìká lọ. Ẹran itan yóò sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún ẹ̀yìn, nínú àti lóde, tí yóò yọ gbùngbùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun bí iṣu tó ta nínú ebè. Ẹ wá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yìn tí gàárì ń jókòó sí kúrú, ikùn ìsàlẹ̀ gùn jù ú lọ, èjìká tẹ̀ sẹ́yìn. Orí kékeré, párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ̀, ọrùn ò ga, nítorí ó ní láti sọ orí kalẹ̀ wo ojú màlúù. Gíga rẹ̀ jẹ́ bíi 14.3 sí 16 ní ìwọ̀n ọwọ́, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 150 sí 163. Ìwọ̀n rẹ̀ á jẹ́ kílò 430 sí 545. Àwọ̀ 17 ni ẹgbẹ́ gbà sínú ìwé, pupa tí wọ́n ń pè ní sorrel ló pọ̀ jù.

Dókítà_Ẹran
Ẹ̀gbọ́n Amarillo ti sọ ti òde, ẹ jẹ́ kí n wọ inú lọ. Iṣan ara ẹṣin ò dọ́gba. Àwọn kan ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá, wọ́n lọ́ra, wọn kì í tètè rẹ̀. Àwọn kan ń jó ṣúgà tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ sínú ara wọn láìdúró de afẹ́fẹ́, wọ́n ń sún kì ní kíákíá, agbára wọn ò sì pẹ́ tán. Irú kejì yìí ló kún inú itan Quarter Horse. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní myostatin, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di iṣan lọ́wọ́ kó má baà pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ Quarter Horse, ẹ̀ka kan já wọ iwájú jíìnì náà, ìjánu yẹn sì dẹ̀. Ohun tí àyẹ̀wò fi hàn ni pé ẹṣin tó ní i ní iṣan ayára púpọ̀ ju èyí tí kò ní i lọ.

Ìdí nìyẹn tí eré 440 yáàdì fi yàtọ̀ sí ti máìlì kan ààbọ̀. Nínú 440, kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tó gbéra tán, eré ti parí. Ẹ bá fi ẹṣin kan náà sá máìlì kan, lẹ́yìn ìdajì rẹ̀ ṣúgà inú iṣan á ti dínkù, oró á ti gbára jọ, ìṣísẹ̀ á kúrú. Kì í ṣe pé ẹṣin náà lọ́lẹ. Iṣan rẹ̀ ò sí fún iṣẹ́ yẹn ni.

Aṣírò_Eré
Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà wá sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Quarter Horse tó dára ń sá 440 yáàdì ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá 21. Mítà 402 pín sí 21, bíi mítà 19 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi kìlómítà 69 ní wákàtí. Ṣùgbọ́n òǹkà yẹn kó ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí ẹṣin ti wà lójú kan. Nítorí náà, níbi tí eré ti dé góńgó, ó gbọ́dọ̀ ju 69 lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí 88 tí wọ́n ń pín kiri: góńgó eré fún ìwọ̀n díẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí ẹṣin á fi dé òpin pápá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ti Thoroughbred, òótọ́ ni pé Winning Brew sá ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú-àáyá 20.57 ní pápá Penn National lọ́dún 2008, kìlómítà 70.76 ní wákàtí, tó sì wà nínú ìwé Guinness. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka aago. Nínú eré Thoroughbred, wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹṣin kúrò ní géètì, kó ti sá díẹ̀, kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Ti Quarter Horse, bí géètì ṣe ṣí báyìí ni aago ti ń lọ. Ẹni tó bá fi aago méjèèjì yìí wé ara wọn ń fi òṣùwọ̀n gààrí wọn àgbàdo ni. Ẹ tún wo atẹ́gùn: tó bá ń fẹ́ látẹ̀yìn lójú pápá tó tọ́, àkókò á dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí AQHA fi ń lo máàkì eré. Wọ́n á fi àkókò ẹṣin náà wé àwọn tó yára jù ní pápá yẹn gan-an, ní ìwọ̀n jíjìn yẹn, láàárín ọdún 3 tó kọjá. 100 ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹṣin sì lè kọjá rẹ̀. Ẹṣin tó bá dé 80 ti wọ ìwé àwọn tó yọrí. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ẹṣin eré fún yín, máàkì yìí ni kí ẹ béèrè, ẹ má fetí sí "ó yára gan-an".

Ọmọ_Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣé gan-an. Ti aago yẹn yé mi wàyí. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú géètì tó fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Agẹṣin_Amarillo
Ìdajì eré ló wà nínú géètì. Ẹ ṣírò ó. Ara ẹṣin kan láti imú dé ìdí jẹ́ bíi mítà 2.4. Ní mítà 19 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìdá 1 nínú 8 ìṣẹ́jú-àáyá ló ń gbà láti kọjá ara ẹṣin kan. Ẹṣin tó bá wo ẹ̀gbẹ́ nígbà tí géètì ṣí ti pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí kọ́nà tó lè fi gbà á padà.

Bó ṣe yẹ kó dúró nìyí: ẹsẹ̀ 4 tẹ ilẹ̀ dáadáa, ti ẹ̀yìn méjèèjì wà lábẹ́ ìdí, kí ọ̀kan má na sẹ́yìn, ìwúwo wà lẹ́yìn, orí kọ iwájú, ojú ń wo àlàfo àárín ilẹ̀kùn. Agẹṣin á di gọ̀gọ̀ mú pọ̀ mọ́ ìjánu, nítorí tí ẹṣin bá fò jáde tí agẹṣin sì fà sẹ́yìn, ẹnu ẹṣin ló ń gba ìyà, yóò sì gbé orí sókè. Ẹṣin tó bá gbé orí sókè ní ìṣísẹ̀ kìíní, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á yọ̀. Wọ́n máa ń kọ́ ọ ní ìpele-ìpele: kó rìn kọjá géètì tó ṣí síwájú sẹ́yìn, kó dúró níbẹ̀, kí wọ́n ti ẹ̀yìn, kí wọ́n ti iwájú, kí wọ́n ṣí i jẹ́jẹ́ kó rìn jáde, lẹ́yìn náà kó rọra sáré jáde. Ẹni tó bá fi pàṣán lé e jáde ní ọjọ́ kìíní ti ba ẹṣin náà jẹ́, géètì á di ohun ìbẹ̀rù fún un.

Eré wọn wà láti 220 yáàdì dé 870. Èyí tó lókìkí jù ni All American Futurity, 440 yáàdì, fún ẹṣin ọmọ ọdún 2. Ruidoso Downs ní New Mexico ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1959. Ẹṣin á kọ́kọ́ sá eré ìyọrísí, àwọn tó ní àkókò tó dára jù ni yóò dé àṣekágbá.

Adaràn_Waco
Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí eré pápá gba gbogbo ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ màlúù ni mo kà sí ẹwà ẹṣin yìí gan-an, nítorí ibẹ̀ lẹ ti ń rí ọpọlọ rẹ̀.

Nínú yíya màlúù sọ́tọ̀, agẹṣin ní ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀. Yóò wọ inú agbo jẹ́jẹ́, yóò fa màlúù kan jáde, lẹ́yìn náà yóò sọ ọwọ́ ìjánu kalẹ̀ sórí ọrùn ẹṣin. Láti ìgbà yẹn, kò gbọ́dọ̀ fi ìjánu darí rẹ̀ mọ́. Màlúù á fẹ́ padà sínú agbo, ẹṣin á dí i lọ́nà. Ó á tẹ ara ba ilẹ̀ títí igbáàyà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀, ìdí rẹ̀ á di òpó, iwájú á máa fò sọ́tùn-ún sósì. Màlúù bá dúró, ó dúró; màlúù bá mi etí, òun náà ti mì. Tí màlúù bá já mọ́ ọn lọ́wọ́ padà sínú agbo, máàkì 5 ló lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí agẹṣin fara síwájú nígbà tí ẹṣin ń dúró. Ìwúwo rẹ̀ á bọ́ sórí èjìká, ẹṣin ò ní lè yí. Kó jókòó lé àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, kó di ìwo gàárì mú, kó sì tì í, kó má fà á.

Okùn náà wà. Nínú èyí tí èèyàn 2 ń ṣe, ẹni kìíní á ju okùn sí ìwo, ẹni kejì á ju tirẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ kan péré ló bá mú? Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni wọ́n á fi kún àkókò wọn. Ẹṣin ẹni tó ń mú ìwo gbọ́dọ̀ tóbi, nítorí òun ló ń fa màlúù lọ sí òsì. Ti ẹni ẹsẹ̀ lè kéré, kó ṣáà yá lẹ́sẹ̀. Ẹ má fi ẹṣin ẹsẹ̀ ṣe ẹṣin ìwo, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní pẹ́ bàjẹ́.

Ìyá_Dúrọ́ọ̀mù
Ti ọmọ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló ń ra ẹṣin tó yára ju ọmọ lọ.

Dúrọ́ọ̀mù 3 ni, wọ́n tò wọ́n ní igun mẹ́ta. Láti ilà ìbẹ̀rẹ̀ dé ìkíní, ẹsẹ̀ bàtà 60; láti ìkíní dé ìkejì, 90; láti ìkejì dé ìkẹta, 105. Bí ẹ bá yí sí ọ̀tún ní ìkíní, òsì ni ẹ ó yí sí ní méjì tó kù. Ẹ bá wó ọ̀kan lulẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ní pápá tó pé ìwọ̀n, àwọn ògbóǹtarìgì ń ṣe é ní bíi 17, nítorí náà 5 yẹn ti pa ìdíje náà.

Eré tààrà kọ́ ló ń jẹ owó níbẹ̀, yíyí ni. Ẹṣin gbọ́dọ̀ gba àṣẹ láti dẹ eré kí ó tó dé dúrọ́ọ̀mù, bíi ìṣísẹ̀ 2 sí 3 ṣáájú. Ara agẹṣin ló ń sọ ọ́ fún un: kó jókòó wọ inú gàárì, kó mí síta. Kí ẹ fi àlàfo bíi ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 sílẹ̀ láàárín ara yín àti dúrọ́ọ̀mù nígbà tí ẹ ń wọlé, kí ẹ jáde mọ́ ọn tímọ́tímọ́. Àṣìṣe àwọn ọmọdé ni pé dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń wò. Ibi tí ojú wọn wà, ibẹ̀ ni ejìká wọn ń kọ sí, ibẹ̀ sì ni ẹṣin ń lọ. Kí ojú ti wà ní ibi tí wọ́n ń lọ. Àṣìṣe kejì ni fífa ìjánu inú jù: orí ẹṣin á wọlé, èjìká á jábọ́ sínú, orúnkún á gbá dúrọ́ọ̀mù. Kí ẹsẹ̀ inú gbé egungun ìhà rẹ̀ jáde, kí ọwọ́ dẹ̀.

Nílé, ìrìn ni kí ẹ fi kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ìsáré pẹ̀lẹ́. Ẹ má sá a tán-n-tán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti wọ pápá. Ilẹ̀ pápá: iyanrìn rírọ̀ bíi íǹṣì 3 sí 4 lórí ilẹ̀ líle tó tẹ́. Ó bá jìn jù, iṣan ẹsẹ̀ á fà. Ó bá le jù, ẹṣin á yọ̀ ṣubú.

Fún ọmọ ọdún 14 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, ọmọ ọdún 9 sí 14, tó ti mọ iṣẹ́ náà. Akoto sì gbọ́dọ̀ wà lórí ọmọ, ìgbàkígbà.

Ọlọ́jà_Ẹṣin
Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹṣin tó lágbára, ìdí ni kí ẹ wò. Ìdí tó bá tóbi jù, eré ibẹ̀ ló pọ̀ jù.

Alágbẹ̀dẹ_Pátákò
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Irú 3 ni Quarter Horse tó wà lónìí. Ti màlúù kúrú, ó wúwo, ó yá. Ti eré pápá ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti màlúù lọ nítorí ẹ̀jẹ̀ Thoroughbred pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà ka ìwé, ẹ ó bá Three Bars, akọ Thoroughbred kan, níbẹ̀. Ti ìfihàn ni ìdí rẹ̀ ń tóbi jù lọ, kò sì yára jù ẹnikẹ́ni lọ. Ẹran tó wà níbẹ̀, ojú àwọn onídàájọ́ ni wọ́n fi ń bọ́.

Ohun tó ń ba ẹṣin yìí jẹ́ wà nísàlẹ̀. Àwọn kan ti bí i fún ẹsẹ̀ kékeré nítorí ó rẹwà, wọ́n wá gbé kílò 550 lé pátákò tí ìbá gbé 400. Egungun kékeré kan wà lẹ́yìn egungun pátákò, iṣan tó ń tẹ ẹsẹ̀ ń kọjá lórí rẹ̀. Tí iwájú pátákò bá gùn, tí gìgísẹ̀ bá wó sábẹ́, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni iṣan yẹn ń tẹ egungun náà. Lọ́dún díẹ̀, ó ti dá egbò síbẹ̀. Ìrora ibẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín Quarter Horse gan-an.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n: ẹ mú un rìn lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ tẹ ara ba kí ẹ wo pátákò láti ẹ̀gbẹ́. Gìgísẹ̀ tàbí gbogbo pátákò ló yẹ kó kọ́kọ́ balẹ̀. Bó bá jẹ́ iwájú ló ń kọ́kọ́ balẹ̀, ìrora wà lẹ́yìn. Ẹ mú un yí ní òbíírí kékeré, ẹ̀ẹ̀kan sọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan sósì. Ẹsẹ̀ inú á tiro. Nínú ilé rẹ̀, á máa na ẹsẹ̀ kan síwájú láti sinmi rẹ̀. Ìtọ́jú ni kí ẹ gé pátákò ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 6, kí ẹ dín iwájú kù, kí irin gùn dé ẹ̀yìn gìgísẹ̀ láti gbé e ró. Ẹ jẹ́ kí dókítà ya àwòrán egungun kí ẹ tó kan irin kan mọ́ ọn.

Ti gàárì náà: góńgó èjìká, níbi tí gọ̀gọ̀ parí sí, kì í ga lára ọ̀pọ̀ wọn, gàárì sì máa ń yí. Àwọn èèyàn á wá fún okùn ikùn mọ́ ọn títí awọ á fi bó. Kì í ṣe okùn ni wọ́n máa fún, igi gàárì ni kí wọ́n pààrọ̀ sí èyí tó fẹ̀ tó ẹ̀yìn ẹṣin náà. Kí àlàfo tó gba ìka 2 sí 3 wà láàárín góńgó èjìká àti ihò iwájú gàárì lẹ́yìn tí agẹṣin ti jókòó.

Ọlọ́jà_Ẹṣin
Mo gbọ́, mo sì gbà. Mo ti fi ti ìfihàn pọ̀ mọ́ ti eré.

Dókítà_Ẹran
Alágbẹ̀dẹ, ẹ kú iṣẹ́. Èyí tó kù ni ti inú ẹ̀jẹ̀, òun ni kò ṣeé fojú rí lọ́jọ́ ọjà.

Akọ kan wà tó ń jẹ́ Impressive, wọ́n bí i lọ́dún 1969, ẹran ara rẹ̀ jọ èèyàn lójú débi pé gbogbo olówó ló fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó fi àìsàn kan sínú wọn, HYPP. Ilẹ̀kùn iyọ̀ nínú iṣan kì í tì dáadáa, tí pòtásíọ̀mù bá gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, awọ inú ojú á yọ síta, ẹṣin á dẹ̀, ó lè wó lulẹ̀, ó sì lè kú. Àyẹ̀wò rẹ̀ ń jáde ní N/N, N/H tàbí H/H; N ni jíìnì tó dára, H ni èyí tó ní àìsàn. Ọmọ tí wọ́n bí láti ọdún 2007 tó bá jẹ́ H/H, AQHA ò kọ ọ́ sínú ìwé. Tí N/H méjì bá gun ara wọn, ọmọ kan nínú 4 ló ṣeé ṣe kó jẹ́ H/H. Ẹ má fún N/H ní alfalfa tàbí mọ̀lásì, pòtásíọ̀mù wọn pọ̀. Koríko lásán àti óòtì ló dára. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tó ṣì ń dúró, ẹ fún un ní óòtì díẹ̀, ẹ mú un rìn jẹ́jẹ́, kí ẹ pe dókítà. Ẹni tó bá wó lulẹ̀, ẹ má fipá gbé e dìde.

PSSM1 ni kí iṣan tọ́jú ṣúgà tí kò dára jọ. Ẹṣin á ṣiṣẹ́ díẹ̀, ìdí rẹ̀ á le bí pákó, á làágùn, kò ní fẹ́ rìn, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bí kọfí. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, ẹ dín ọkà kù, ẹ fi òróró dípò rẹ̀, kó sì máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ ìsinmi gbọọrọ ló ń pa á lára. HERDA wà nínú ìran akọ kan tó ń jẹ́ Poco Bueno: ẹṣin tó bá gbà á lápá baba àti ìyá, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ya nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé gàárì lé e, bíi ọmọ ọdún 2. GBED ń pa ọmọ ẹṣin kó tó pé oṣù díẹ̀. MH ń jẹ́ kí oògùn ìsùn iṣẹ́ abẹ sọ ọ́ di gbígbóná. MYHM ń mú kí ẹran ẹ̀yìn àti ìdí gbẹ láìpẹ́ ọjọ́. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo wọn. Irun gọ̀gọ̀ bíi 20 sí 30 tí wọ́n fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Bí ẹni tó ń tà á ò bá fẹ́ kí ẹ fa irun rẹ̀, ẹ máa lọ.

Ará_Bahia
Ẹ kú ìjíròrò. Kí n fi ti Brazil kún un. Ibí náà ni wọ́n ń pe ẹṣin yìí ní Quarto de Milha, ìtumọ̀ kan náà. King Ranch ló mú un wọ ilẹ̀ yìí lọ́dún 1955. Ní ìhà àríwá ìlà oòrùn níbí, ìdíje vaquejada ló gbà á jù. Agẹṣin 2 á há akọ màlúù sáàárín, ọ̀kan á fi ìrù gbé e ṣubú láàárín ilà 2. Ẹṣin ẹni tó ń fa ìrù gbọ́dọ̀ ní ìdí tó lágbára, kó sì yí sí ẹ̀gbẹ́ ní ìgbà tí wọ́n sọ fún un. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ nítorí ìyà màlúù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé òfin tó gbà á láyè ní Ceará lọ́dún 2016, lọ́dún 2017 wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe kó lè máa lọ.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún Dókítà: ṣé a lè mú irú rẹ̀ wá sílẹ̀ wa? Ọ̀kan nínú wa ní ó máa dára fún Ojúde Ọba.

Dókítà_Ẹran
Kí ẹ tó ronú nípa Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ronú nípa kòkòrò. Ọ̀yọ́ àtijọ́, tó fi ẹṣin jagun, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ló ti ń ra ẹṣin, nítorí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ ní ilẹ̀ igbó. Èyí tó burú jù ni àìsàn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà. Kòkòrò tó kéré ju ẹ̀fọn lọ ló ń gbé e kiri ní ìrọ̀lẹ́ àti àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹṣin tí ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí sì máa ń kú lọ́jọ́ díẹ̀. Quarter Horse tó ti Texas wá ò mọ̀ ọ́n rí. Láìsí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ilé tí àwọ̀n sé, àti òògùn kòkòrò lára rẹ̀, owó yín á ṣòfò, ẹran á sì jìyà. Fún Ojúde Ọba, ẹṣin àríwá tó ń jó tó sì ń gbé orí sókè ló bá a mu. Quarter Horse ń tẹ orí balẹ̀ ni.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn
Ó yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ọ̀kan, ọmọ ọdún 11, N/N, àyẹ̀wò yòókù náà mọ́. Ẹni tó ń tà á ò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ iye oúnjẹ?

Ìyá_Dúrọ́ọ̀mù
Kí wọ́n mú okùn ìwọ̀n aṣọ. Kí wọ́n wọn àyíká àyà, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ní sẹ̀ǹtímítà, nígbà tí ẹṣin mí síta. Kí wọ́n wọn gígùn láti egungun èjìká dé egungun ìdí. Àyíká lọ́nà àyíká, lọ́nà gígùn, kí wọ́n pín in sí 11,880, kílò ni yóò jáde. Tí àyíká bá jẹ́ 180, tí gígùn jẹ́ 165, kílò 450 ni. Koríko gbígbẹ á jẹ́ ìdá 1.5 sí 2 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ lóòjọ́, nítorí náà kílò 6.75 sí 9, kí wọ́n pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọkà ò gbọ́dọ̀ ju kílò 2 lọ lẹ́ẹ̀kan, inú rírun ló ń fà. Iyọ̀ lílá kó wà níbẹ̀, omi lítà 20 sí 40 lóòjọ́, kó pọ̀ sí i nínú ooru Texas. Kí wọ́n sì dé ilé ẹni tó ń tà á ṣáájú àkókò tí wọ́n fún wọn, kí wọ́n bá ẹṣin náà kí wọ́n tó mú un jáde sáré. Ẹsẹ̀ tó tiro láàárọ̀ lè má tiro mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sáré ìṣẹ́jú 20.

Alágbẹ̀dẹ_Pátákò
Kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà fún àyẹ̀wò oògùn ìrora. Àwọn kan máa ń fún un ní oògùn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.